Kẹ́míkà Ẹlẹ́rìí Inú Sẹ́ẹ̀lì: Orúkọ àti Iṣẹ́ Rẹ̀

Ìfáárà
Orúkọ tí olùkọ́ bá fún ohun tuntun ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó yẹ àwọn kẹ́míkà tí ó ń mọ́lẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì alààyè wò, a ó sì dábàá orúkọ tí ó bá iṣẹ́ wọn mu.

Ohun tí a fi wọ́n ń wá
Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń lo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni ó ń mú àwọn mólékù kan jáde tí kì í pẹ́ kọlu ohun tí ó bá wà nítòsí wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni háídrójìn pẹrọ́ksáìdì. Ìwọ̀nba rẹ̀ wúlò fún ara. Àpọ̀jù rẹ̀ a máa ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́
Ẹ jẹ́ kí á fi DCFH-DA ṣe àpẹẹrẹ. Irú rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 1965. Kì í mọ́lẹ̀ nígbà tí ó bá kọ́kọ́ wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ́ńsáìmù ibẹ̀ a gé apá kan kúrò lára rẹ̀, kò sì ní rọrùn fún un láti jáde mọ́. Bí mólékù tí à ń wá bá gba háídrójìn lára rẹ̀, a di DCF. Bí a bá wá tan ìmọ́lẹ̀ búlúù sí i, yóò dá ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé padà.

Ohun tí ó gba ìṣọ́ra
Háídrójìn pẹrọ́ksáìdì nìkan kò lè tètè sọ ọ́ di DCF láìsí irin tàbí ẹ́ńsáìmù tí yóò ràn án lọ́wọ́. Àwọn mólékù mìíràn náà lè ṣe é. Kódà, ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń wò ó lè ṣe é. Èyí tí ó tún wá burú jù ni pé kẹ́míkà náà fúnra rẹ̀ lè dá kún háídrójìn pẹrọ́ksáìdì tí a ní kí ó wá. Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Berkeley, Amẹ́ríkà, gbé irú mìíràn tí ó ní bórọ́nù lára jáde. Ó dá háídrójìn pẹrọ́ksáìdì mọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n peroxynitrite tún máa ń yára kọlu bórọ́nù náà jù ú lọ.

Àgbálọgbábọ̀
Bí a bá pè é ní òṣùwọ̀n, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó ni mólékù náà pọ̀ tó. Nítorí náà, *kẹ́míkà ẹlẹ́rìí* ni a dábàá. À máa ń bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀, à sì máa ń wá ẹlòmíràn kún un. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni.