Ẹwìrì, Ọtí àti Epo Ọkọ̀: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìṣọ́-epo-ná

1. Ìfáàrà

Ní ọjọ́ kan, ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Festac Town, a gbọ́ tí oníbàárà kan béèrè pé, "Ọ̀gá, kí ló dé tí mọ́tò mi tó ní tọ́bò yìí fi ń mu epo báyìí?" Mẹkáníìkì náà dáhùn pé, "Ẹ má bínú, alàgbà, ọtí ló wà nínú epo tí ẹ rà." Ọmọṣẹ́ rẹ̀, tí ó ti ki rọ́bà bọ táńkì láti fi ẹnu fa epo jáde, rẹ́rìn-ín, ó ní bó bá jẹ́ ọtí ni, òun kò ní tu ú dànù.

Ẹ̀fẹ̀ ni ọmọ náà ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tí ó lè gba ẹ̀mí ni. Ọtí wo ni ọ̀gá rẹ̀ ń sọ? Nínú iṣẹ́ yìí, a óò ṣàlàyé bí epo tí a po mọ́ ọtí ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tí ó ní tọ́bò, a ó sì dábàá ọ̀rọ̀-ìperí tí kò ní ṣi ènìyàn lọ́nà.

2. Ọtí, àpòpọ̀ àti àbùlà

Ẹ́tánọ́ọ̀lù ni èròjà tí ó wà nínú ẹmu, bíà àti ògógóró, tí ó ń mú kí ọtí pani. A lè fi ìrèké, àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ ṣe é. Láti ọdún 1975 ni ìjọba Brazil ti gbé ètò ńlá kalẹ̀ láti fi ti ìrèké wa ọkọ̀. Ní ọdún 2007, ìjọba Nàìjíríà náà gbé ìlànà kan jáde tí ó fi ìpín mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ṣe òdiwọ̀n ẹ́tánọ́ọ̀lù tí a óò máa po mọ́ bẹntiróòlù.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù jọ ẹ́tánọ́ọ̀lù lójú, ṣùgbọ́n májèlé ni. Ó ń fọ́ni lójú, ó sì ń pa ènìyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ó lé ní ènìyàn mẹ́wàá tí ó kú ní agbègbè Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù tí ó wà nínú ògógóró ni ó fà á. Ní oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba kéde pé bẹntiróòlù kan tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju òdiwọ̀n lọ ti wọ orílẹ̀-èdè yìí.

Nítorí náà, àbá wa àkọ́kọ́ ni pé kí a fi ọ̀rọ̀ náà *ọtí* sílẹ̀ fún ohun tí a ń mu, kí á sì ya ẹ́tánọ́ọ̀lù àti mẹ́tánọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ nípa yíyá orúkọ wọn lò. Èkejì, kí a má ṣe pe gbogbo epo bẹ́ẹ̀ ní *àbùlà*. Ẹni tí ó bá mọ ẹmu àbùlà mọ̀ pé ìrẹ́jẹ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí *epo àpòpọ̀* jẹ́ èyí tí a pò ní òdiwọ̀n tí òfin gbà, kí *epo àbùlà* sì jẹ́ irú ti ọdún 2022.

3. Ìjẹpo àti ìṣọ́-epo-ná

*Ìjẹpo* ni iye epo tí ọkọ̀ jẹ lórí ìrìn kan. *Ìṣọ́-epo-ná*, tí a ṣẹ̀dá láti ara *ṣọ́ owó ná*, ni bí ìrìn tí a rí lórí epo kan ṣe pọ̀ tó. A kò gbọdọ̀ pa fáwẹ̀lì *e* inú rẹ̀ jẹ, nítorí *ìṣọ́poná* yóò fẹ́ jọ Ṣọ̀pọ̀ná létí, òrìṣà tí àwọn àgbà kì í ṣàdédé dárúkọ.

Lítà bẹntiróòlù kan ní agbára tí ó tó mẹ́gájúùlù 32; ti ẹ́tánọ́ọ̀lù tó 21; ti mẹ́tánọ́ọ̀lù kò ju nǹkan bí 16 lọ. Bí ìdámẹ́wàá epo bá jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù, agbára lítà kan yóò di 30.9. Ọkọ̀ tí ó ń fi lítà 40 rin kìlómítà 400 yóò rin nǹkan bí 386. Bí ẹ́tánọ́ọ̀lù bá jẹ́ ìpín 85 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò rin nǹkan bí 283. Èyí fi hàn pé ọkọ̀ lè máa jẹ epo láìjẹ́ pé ó ní àrùn kankan.

4. Ẹwìrì eléèéfín àti ìdágbiná

Kí ni tọ́bò? Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni a ti rí orúkọ fún un. Bí ẹwìrì ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí iná kí ó lè jó dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni tọ́bò ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Èéfín tí ó ń jáde lọ ni ó ń yí i. Nítorí náà ni a ṣe dábàá *ẹwìrì eléèéfín*. Irú èyí tí bẹ́líìtì ń yí yóò jẹ́ *ẹwìrì oníbẹ́líìtì*.

Bí ẹwìrì bá fẹ́ afẹ́fẹ́ jù, ooru àti ìfúnpá lè mú kí epo gbiná fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń pe èyí ní *knock*, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì wa, ẹ́ńjìnnì tí ó ti *nọ́ọ̀kì* ni èyí tí ó ti kú. Kí a má baà pe àìsàn ní ikú, a dábàá *ìdágbiná*. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ń tu afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì lára, ó sì ń kọ ìdágbiná ju bẹntiróòlù lọ. Bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá lè mọ èyí, yóò tètè máa tan iná sí epo, yóò sì gba díẹ̀ padà nínú agbára tí ó sọnù. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ agbára nìkan ni èrè yìí ń wá. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 2, ẹwìrì kò fẹ́ atẹ́gùn kan dàbí alárà. Gbogbo àdánù náà ni awakọ̀ ará Amúwo-Ọ̀dọ́fin yóò san.

5. Ìkádìí

Ìdáhùn tí ó yẹ oníbàárà yẹn nìyí: "Alàgbà, ẹwìrì ọkọ̀ yín kò bàjẹ́, bí epo náà bá jẹ́ àpòpọ̀, ìjẹpo yóò lé díẹ̀, bí ó bá jẹ́ àbùlà, ẹ jẹ́ kí á fà á dànù." Ọ̀rọ̀ tí ó sì yẹ ọmọṣẹ́ náà kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ: kì í ṣe ọtí, má fi ẹnu fà á. Bí ọ̀rọ̀-ìperí wa kò bá lè dé abẹ́ ọkọ̀ níbi tí ọmọ yẹn dùbúlẹ̀ sí, inú ìwé lásán ni ó wà.