ÒṢÙWỌ̀N TÓ TỌ́: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Oscilloscope Olójú-Ọ̀nà Méjì

Bismillahir Rahmanir Rahim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ohun gbogbo pẹ̀lú ìwọ̀n. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n ti gbá ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹni tó ń fi í wọn gàrí lè má fi ẹnu pa irọ́ kankan, kóńgò rẹ̀ ló ń bá a pa á. Súúratul Mutaffifin, Súúrà 83 nínú Kùránì Alápọ̀nlé, kìlọ̀ gidigidi fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọjà gàrí nìkan. Ẹni tó ń tún rédíò, tẹlifíṣọ̀n tàbí ẹ̀rọ inverter ṣe náà ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Bí ó bá sọ fún oníbàárà pé nǹkan kan ti bàjẹ́, tí ó gba owó rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ìwọ̀n tirẹ̀ ni kò tọ́, ǹjẹ́ owó náà mọ́?

Àwọn tó ṣíwájú wa nínú ẹ̀sìn mú ọ̀rọ̀ yìí ní pàtàkì. Ní ọdún 515 lẹ́yìn Hijira, ìyẹn 1121 sí 1122 nínú kíkà àwọn òyìnbó, onímọ̀ kan ní ìlú Marw, tí ń jẹ́ al-Khazini, kọ odidi ìwé kan lórí ìwọ̀n, Mizan al-Hikma. Ó ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe ìwọ̀n, bí a ṣe ń mú un dọ́gba, àti bí a ṣe ń fi í dá wúrà gidi mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti pò mọ́ nǹkan mìíràn. Ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gan-an ni a fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ tòní.

KÍ NI OSCILLOSCOPE?

Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán iná ẹlẹ́tíríìkì sójú ìgò ni. Mítà yóò sọ iye volt tó wà níbì kan. Oscilloscope yóò fi hàn bí iná náà ṣe ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ sílẹ̀, àní láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ferdinand Braun, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe irú ìgò yìí ní ọdún 1897.

Wọ́n fi ìlà pín ojú ìgò náà sí àpótí 8 lóòró àti 10 níbùú. Olójú-ọ̀nà méjì ní ẹnu méjì, CH1 àti CH2, ìkọ̀ọ̀kan sì ní ampilifáyà tirẹ̀ tí ń sọ iná kékeré di ńlá. Bọ́tìnnì VOLTS/DIV ló ń sọ iye volt tí àpótí kan dúró fún. Bí ampilifáyà bá ti yẹ̀ díẹ̀, àwòrán náà yóò ṣì dára lójú, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò máa pa. Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí irú èyí tó ní ìgò, tó jẹ́ 20 MHz. Àwọn ti digital òde òní náà kò lè ṣe láìsí ìgbésẹ̀ 3 àti 5.

ÌGBÉSẸ̀ 1: ÀÀBÒ

Kílíìpù dúdú tó wà lára probe kò dá dúró. Ti CH1 àti ti CH2 so pọ̀ mọ́ra nínú ẹ̀rọ, wọ́n sì so mọ́ wáyà ilẹ̀ tó wà ní púlọ́ọ̀gì. Ẹ má ṣe fi í gbá ibi tí iná wà láéláé. Ẹ má sì gé wáyà ilẹ̀ náà kúrò bí àwọn kan ti ń ṣe. Ẹ̀mí ni wọ́n fi ń ṣeré. Bí ohun tí ẹ ń tún ṣe bá fa iná tààrà láti ara ògiri, ẹ lo isolating transformer fún un.

ÌGBÉSẸ̀ 2: ÌLÀ ÒDO

Ẹ yí bọ́tìnnì VARIABLE méjèèjì sí ibi tí wọ́n kọ CAL sí, títí yóò fi dún káú. Ẹ fi POSITION sí àárín, kí trigger wà ní AUTO. Ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó gbóná, nítorí ampilifáyà tó tutù kì í dúró sójú kan. Ẹ má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, kó má baà jó ojú ìgò.

Ẹ fi AC-GND-DC sí GND. Ìlà kan yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ó bá dagun, ẹ fi TRACE ROTATION tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yí VOLTS/DIV láti ipele kan sí èkejì. Ìlà náà kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Bí ó bá ń fò sókè tàbí sílẹ̀, ẹ fi screwdriver kékeré yí DC BAL díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún CH2 náà.

ÌGBÉSẸ̀ 3: PROBE

Ẹ fi probe sí ×10, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ há irin tí wọ́n kọ CAL sí níwájú ẹ̀rọ. Iná onígun ni yóò ti ibẹ̀ jáde, tí yóò máa gòkè tí yóò máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi AC-GND-DC sí DC, TIME/DIV sí 0.5 ms. Àwòrán náà yẹ kó gòkè ṣánṣán, kó tẹ́ lórí, kó sì bọ́ sílẹ̀ ṣánṣán. Bí igun rẹ̀ bá yọ ìwo, tàbí tí ó rí róbótó, ẹ yí trimmer tó wà lára probe títí orí rẹ̀ yóò fi tẹ́. Probe tí a tún ṣe fún CH1, CH1 ni kó máa lò. Bí ẹ bá gbé e lọ sí CH2, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

ÌGBÉSẸ̀ 4: ÌṢIRÒ

Ẹ wo iye volt tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ irin CAL. Ká ní 2 volt ni. Probe ×10 yóò pín in sí mẹ́wàá, yóò ku 0.2 volt. Bí VOLTS/DIV bá wà ní 50 mV, àpótí 4 gééré ni àwòrán gbọ́dọ̀ ga. Bí ó bá jẹ́ 3.8 ni ẹ rí, ó ti fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Ìdá 3 ni ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí fàyè gbà, nítorí náà èyí ti kọjá ààlà.

Ẹ má fi ẹ̀rí kan ṣoṣo dájọ́. Ẹ fi mítà tó dáa wọn bátìrì tuntun kan, kí ẹ wá fi probe ×1 wọn ọ́n lójú ọ̀nà méjèèjì. Bí mítà bá ní 1.6 volt, ìlà gbọ́dọ̀ gòkè ní àpótí 3.2 lórí 0.5 volt. Bí ọ̀nà kan bá ṣì ń tanni jẹ, inú ẹ̀rọ ni àtúnṣe rẹ̀ wà, níbi tí iná ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt, tó sì lè dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹni tó ní ìwé àtúnṣe rẹ̀, tó sì mọṣẹ́, ni kí ẹ gbé e fún.

ÌGBÉSẸ̀ 5: KÍ ÀWỌN MÉJÈÈJÌ FOHÙN ṢỌ̀KAN

Ẹ dá àwọn probe méjèèjì padà sí ×10, kí ẹ fi wọ́n há irin CAL kan náà, 50 mV fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé àwòrán kan lé èkejì lórí. Wọ́n gbọ́dọ̀ bò ara wọn. Ẹ wá tẹ INVERT fún CH2, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ sí ADD. Ọ̀kan yóò yọ èkejì kúrò, ìlà títẹ́ ni yóò sì kù. Ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù lójú ìgò ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó fi ohun tó wọ inú ampilifáyà oníbàárà wé èyí tó ń jáde, nítorí adájọ́ méjì tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ kò lè dá ẹjọ́ kan náà.

ÌPARÍ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, gbogbo ìgbésẹ̀ yìí kò ju wákàtí kan lọ. Oníbàárà kò ní rí i, kò sì ní san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmáánà ni: ó gbà yín gbọ́ nítorí pé òun kò mọ ohun tí ẹ mọ̀. Ẹ yẹ òṣùwọ̀n yín wò kí ẹ tó fi wọn nǹkan ẹlòmíràn. Bí a ti ń ṣe é fún ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí á máa ṣe é fún ọkàn wa kí á tó dá ọmọnìkejì lẹ́bi.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ló dé tí a kò gbọdọ̀ gé wáyà ilẹ̀ oscilloscope?
2. Kí ni a ó tún ṣe bí orí iná onígun bá yọ ìwo?
3. Bátìrì 1.5 volt gbé ìlà sókè ní àpótí 2.8 lórí 0.5 volt. Ǹjẹ́ ọ̀nà náà ṣeé gbára lé?

Kí Ọlọ́hun fi wá sínú àwọn olódodo nínú òwò àti iṣẹ́ ọwọ́. Àmín.