Igba Ojú Ni Kí Ó Máa Wo Ọmọ Wa Lójú Títì

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, n kò ní sọ̀rọ̀ lórí ibà tàbí onígbáméjì. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe kòkòrò àrùn, síbẹ̀ ó ń pa ọmọ ju ọ̀pọ̀ àrùn lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2023 pé ìjàm̀bá ọkọ̀ ni ó ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrín ọdún 5 sí 29 jù lọ ní gbogbo ayé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan wá sí dìsípẹ́ńsárì wa ní Àkúrẹ́. Ọ̀kadà ni ó kọlù ú bí ó ti sáré jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ títì nítòsí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Itan rẹ̀ ti kán. Àwọn aláàánú tí ó gbé e wá ti fa ẹsẹ̀ náà kí ó lè tọ́, wọ́n sì ti fún un ní ẹlẹ́rìndòdò mu kí ara rẹ̀ lè yá. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, àwọn dókítà ní láti dúró kí ikùn rẹ̀ ṣófo kí wọ́n tó lè fún un ní oògùn oorun láti to egungun náà. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ó jẹ̀rora ju bí ó ti yẹ lọ. Ìyá rẹ̀ bi mí léèrè pé, “Nọ́ọ̀sì, ta ni kí n bá wí?” N kò rí ìdáhùn fún un lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn mi nìyí.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lójú títì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàbí ìyá oníbọ̀ọ̀lì tí ó wà ní òdì kejì ni ọmọ ń wò, kò wo ẹ̀gbẹ́. Ó kúrú, ọkọ̀ tí a gbé kalẹ̀ sì ń bò ó mọ́lẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ kò fi rí i, tí òun náà kò sì rí awakọ̀. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́wàá kì í sábà lè fi ojú wọn bí ọkọ̀ tí ń bọ̀ ti ń sáré tó. Èyí kì í ṣe agídí. Ọgbọ́n orí rẹ̀ ni kò tíì gbó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọkọ̀ tí ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan yóò ti rin nǹkan bíi mítà 14 kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan bíréèkì. Kí ó tó dúró pátápátá lórí títì gbígbẹ, yóò ti tó nǹkan bíi mítà 28. Bí ó bá jẹ́ 30 kìlómítà ni, yóò dúró láàrín nǹkan bíi mítà 13. Bí ọmọ bá já lu títì ní mítà 15 sí iwájú, ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò gbá a. Èkejì yóò dúró kí ó tó kàn án.

Ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2021, tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan já wọ àárín èrò nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá-Àkókó, ní ìpínlẹ̀ wa yìí, tí ó sì pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún kan náà, ọkọ̀ akẹ́rù tún pa àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ojodú ní Èkó.

Kí ni iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ka títọ́jú àdúgbò, iná ojú pópó, gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí gọ́tà kò bá ní ìdérí, tí ààtàn sì kún ẹ̀gbẹ́ títì, àárín ọkọ̀ ni ọmọ yóò máa gbà lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ onílé jọ kọ ìwé. Kí wọ́n dárúkọ àdúgbò náà, kí wọ́n sọ wákàtí tí èrò ń pọ̀ jù, àti ohun tí wọ́n ń fẹ́: ìlà funfun fún ìsọdá, àmì ilé ẹ̀kọ́, ìdérí gọ́tà, bọ́ǹpù. Kí wọ́n mú un lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wọn, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí títì náà bá jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀, kí wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe mọ bọ́ǹpù fúnra yín. Èyí tí ó ga jù, tí a kò sì kùn lọ́dà, a máa gbé ọlọ́kadà ṣubú lóru.

Nínú ilé ńkọ́? Èkínní, ẹ di ọmọ kékeré mú ní ọrùn ọwọ́, kí àgbà wà ní ìhà ibi tí ọkọ̀ ń gbà. Èkejì, láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Nítorí náà, níbi tí kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ọwọ́ òsì ni kí ẹ gbà, kí ẹ lè máa kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọdá, ẹ wo òsì, ẹ wo ọ̀tún, kí ẹ tún wo òsì. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe kó ọmọ mẹ́ta sẹ́yìn ọ̀kadà kan.

Bí ìjàm̀bá bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ dá ọkọ̀ dúró, kí ẹ sì pe 122 tàbí 112. Ẹ má ṣe fa ẹsẹ̀ tàbí apá. Orí pákó pẹrẹsẹ ni kí ẹ fi gbé e, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní títọ́. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde; ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì tàbí epo pupa sí i. Ẹ má ṣe fún un ní ohunkóhun mu tàbí jẹ. Bí ó bá jẹ́ pé orí ni ó fi gbá, tí ó ń bì léraléra, tí oorun ń kùn ún ju bí ó ti yẹ lọ, tí gìrì mú un, tàbí tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí rẹ̀, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, àní bí ọjọ́ kan bá ti kọjá. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 kò sì gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti kọ ẹni tí ìtọ́jú pàjáwìrì tọ́ sí.

Ìyá ọmọ náà, ìdáhùn mi rè é. Ojú mẹ́rin ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń wò ó. Ojú awakọ̀ wà nínú rẹ̀, ojú olùkọ́, ojú ìyá ọlọ́jà tí ó pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ojú kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa, àti ojú tèmi pẹ̀lú. Ojú tí ó bá ṣíjú kúrò nínú igba náà ni kí a bá wí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.