ẸNI TÍ YÓÒ TỌ́ Ọ̀DỌ́ GBỌ́DỌ̀ KỌ́ṢẸ́

Bíbélì Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 18:24-28
Ẹsẹ Àkọ́sórí: 2 Tímótíù 2:2 (Ẹ jùmọ̀ kà á sókè láti inú Bíbélì yín.)

Ẹ̀yin ará, Àpólò tí a kà nípa rẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó mọ Ìwé Mímọ́, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ọkàn rẹ̀ sì gbóná fún Olúwa. Síbẹ̀ ohun kan kù. Nígbà tí Pírísílà àti Ákúílà gbọ́ ọ, wọn kò dójú tì í láàrin àwùjọ, wọn kò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n sì là á yé e dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí Ákáyà, tí ó sì ran àwọn onígbàgbọ́ lọ́wọ́ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ara wa. Bí ọmọ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìrẹsà níbí, yóò lo ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ ọ̀gá kí ó tó gba fíríìdọ̀mù. Kò sí ẹni tí yóò gbé aṣọ ìgbéyàwó fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ yan ẹni tí yóò tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ni a máa ń fà wọ́n lé lọ́wọ́. Ṣé aṣọ wá níye lórí ju ọmọ ènìyàn lọ ni?

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo jáde ní poli, kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọ́n fi mí ṣe olórí ọ̀dọ́ nínú ìjọ kékeré kan. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń sùn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí ó dìde dúró níwájú gbogbo ènìyàn títí ìwàásù fi parí. Kò padà wá mọ́. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń yan gàrí di ọ̀gànjọ́ òru Sátidé. Nígbà tí mo fi mọ̀, ó ti bá wọn lọ sí Èkó. Mo ti gbààwẹ̀ nítorí ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n n kò bi í léèrè rí ìdí tí ó fi ń sùn. Mo ní ìtara, n kò ní ìmọ̀.

Kí ni irú ẹ̀kọ́ yìí ń kọ́ni? Ohun àkọ́kọ́ ni pé ọ̀dọ́ kì í ṣe wàhálà tí à ń wá ojútùú sí. Ẹni tí Ọlọ́run fi ẹ̀bùn sí nínú ni, tí ó sì yẹ kí a ràn lọ́wọ́ kí ẹ̀bùn náà lè dàgbà. Láti ọdún 2002, Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Lerner ti Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ìdàgbàsókè àwọn ọ̀dọ́ tí ó ju 7,000 lọ ní ìpínlẹ̀ 42. Ohun márùn-ún ni wọ́n ń wò: kí ọmọ mọ nǹkan ṣe, kí ó ní ìgboyà, kí ó ní àwọn ènìyàn rere tí ó sún mọ́, kí ó ní ìwà, kí ó sì máa káàánú ẹlòmíràn. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sọ pé ètò rere fún ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ ní:

1. Àgbàlagbà tí yóò dúró tì wọ́n pẹ́. Kì í ṣe olùkọ́ tí à ń pààrọ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ wo bí Pọ́ọ̀lù ti bá Tímótíù rìn tó.

2. Ẹ̀kọ́ tí ó wúlò fún ìgbé ayé: bí a ti ń ṣọ́ owó ná, bí a ti ń kó ara ẹni níjàánu, bí a ti ń yan ọ̀rẹ́.

3. Àyè láti ṣe iṣẹ́ gidi. Kì í ṣe àga gbígbé nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣètò ìsìn fúnra wọn; bí wọ́n bá ṣì í ṣe, kí a fi ìfẹ́ tọ́ wọn sọ́nà.

Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ yóò tún mọ ààlà. Kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti ọmọdé kan ṣoṣo. Yóò mọ̀ pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé láti ọdún 2006, kò sì ní bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ ìjọ.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Ẹ̀mí Mímọ́ ni yóò kọ́ wa.” Àmín! Ṣùgbọ́n Ẹ̀mí kan náà ni ó fi ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kún inú Bésálélì, tí ó sì fi sí i lọ́kàn láti kọ́ ẹlòmíràn (Ẹ́kísódù 35:30-34). Ẹ̀mí kì í bá ẹ̀kọ́ jà.

Ibi tí a ti lè kọ́ ọ kò sì ṣọ̀wọ́n. Àjọ Commonwealth, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, dá Ètò Ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní 1973, ó sì ṣètò dípúlómà fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́. Nítòsí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìsìn ti àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà láti 1898. Ìjọ tí ó lè dá owó ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn lè dá owó rán ẹni méjì lọ kọ́ṣẹ́.

Ohun Ṣíṣe Lónìí: Wá ọ̀dọ́ kan tí o ti bá wí rí. Bi í léèrè bí ó ti ń gbé ilé àti bí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń lọ, kí o sì dákẹ́ gbọ́ ọ.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Baba, dárí jì wá fún àwọn ọmọ tí a fi àìmọ̀kan lé jáde. Wá wọn rí níbikíbi tí wọ́n bá wà, ní orúkọ Jésù.
2. Olúwa, fún àwọn olùkọ́ ọ̀dọ́ wa ní ọkàn tí ó ṣeé kọ́, bí o ti fún Àpólò.
3. Olúwa, gbé Pírísílà àti Ákúílà dìde láàrin wa, ní orúkọ Jésù. Àmín.