Ta ni yóò san owó gọ́tà?

Ìbéèrè: Ọmọ Ìlobù ni mí, London ni mò ń gbé. Níbí, kọ́ńsù máa ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ ilé rẹpẹtẹ, kí wọ́n fi tún àdúgbò ṣe. Ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀ nílé?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Òfin ìṣètò ìlú ti 1990 ló jẹ́ kí kọ́ńsù Ìlú Ọba máa bá ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Láti 2010, kọ́ńsù tó bá fẹ́ tún lè bu owó lé ilé tuntun. Kọ́ńsù kékeré abúlé a gba ìdá 15 nínú 100 owó náà. Ó di 25 bí àwọn ará ibẹ̀ bá ti dìbò fún ètò àdúgbò tiwọn. Ìdìbò yẹn ló wù mí jù.

Nílé, ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 gbé ọjà, gáréèjì, títì àdúgbò àti gọ́tà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́: Ìrẹ́pọ̀dùn ní Ìlobù, Orolu ní Ìfọ́n, ìlú aládùúgbò yín. Kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú béèrè àdéhùn aláàkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé rẹpẹtẹ, kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́. Ìjà ààlà ti ba ilé jẹ́, ẹ̀mí sì ti ṣòfò láàárín ìlú méjèèjì, ó dùn mí wọra. Àmọ́ àgbàrá ò mọ ààlà: bí Ìlobù bá gbẹ́ gọ́tà láìsọ fún Ìfọ́n, ẹnu ọ̀nà aládùúgbò lomi yóò dà sí.