Omi Kànga Ìlú Ńlá: Mímọ́ Lójú Kì í Ṣe Mímọ́ Nínú

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò lọ́tàá. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, nítorí kò sí ẹni tí ó lè wà láàyè láìmu omi. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú ńlá wa, omi fúnra rẹ̀ lè gbé ọ̀tá wọlé láìjẹ́ pé ojú rí i. Ìyá ilé a fa omi láti inú kànga àgbàlá, yóò wò ó, yóò rí i pé ó mọ́ gaara, kò rùn, adùn rẹ̀ kò sì yí padà. Kíá ni yóò bù ú fún ọmọ mu. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ ni pé ojú, imú àti ahọ́n kò tó láti fi dán omi kànga ìlú wò, àti pé aboyún àti ọmọdé ni ìyà àṣìṣe yìí máa ń jẹ jù.

KÍ NI FÁÍRỌ́Ọ̀SÌ?

Oríṣiríṣi ni kòkòrò àìfojúrí tí ń fa àrùn. Bakitéríà, irú èyí tí ń fa onígbáméjì, kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì tún kéré jù ú lọ fíìfíì. Bí a bá to 30,000 fáírọ́ọ̀sì tí ń fa àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi E sórí ìlà kan, wọn kò ní gùn tó mìlímítà 1. Nítorí náà, aṣọ funfun tí a fi ń sẹ́ omi kò lè dá a dúró. Álọ́ọ̀mù a máa mú kí ìdọ̀tí rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àmù, ṣùgbọ́n a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e láti pa fáírọ́ọ̀sì.

Inú ìgbẹ́ ẹni tí ó ń ṣàìsàn ni ó ti ń jáde. Gíráàmù 1 péré nínú ìgbẹ́ ọmọ tí fáírọ́ọ̀sì rota ń bá jà lè ní ju 10,000,000,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀nba tí kò tó 100 lè kó àìsàn náà ran ọmọ mìíràn.

BÁWO NI Ó ṢE Ń DÉ INÚ KÀNGA?

Bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i ní ìlú ni àyè ń dín kù. Ṣáláńgá ilé kan lè wà lẹ́yìn ògiri gan-an tí kànga ilé kejì wà. Omi inú ṣáláńgá, ti sókàwéè àti ti gọ́tà a máa rin wọ inú ilẹ̀ títí yóò fi dàpọ̀ mọ́ omi abẹ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ a máa di púpọ̀ nínú fáírọ́ọ̀sì mú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ iyanrìn bíi ti Èkó, níbi tí omi kò jìn sí ojú ilẹ̀, kì í lè dá a dúró tó bẹ́ẹ̀. Orí àpáta ni ìlú Ìbàdàn wà ní tirẹ̀. Omi a sì máa gba inú sísán àpáta kọjá láìsí ohun tí yóò sẹ́ ẹ. Bí òjò ńlá bá rọ̀, yóò tú fáírọ́ọ̀sì tí ó ti lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ sílẹ̀, yóò sì gbé e lọ. Nínú òkùnkùn abẹ́ ilẹ̀ tí oòrùn kò dé, agbára rẹ̀ lè wà síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àní fún oṣù mélòó kan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kànga ẹ̀rọ tí ó jìn bọ́ nínú ewu yìí. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí jáde pé àwọn rí fáírọ́ọ̀sì láti inú ìfun ènìyàn nínú àwọn kànga tí ìlú Madison ní Amẹ́ríkà ń lò, tí ó jìn ju 200 mítà lọ. Ìwádìí mìíràn ní ọdún 2013 tọ́ka sí páìpù ìdọ̀tí tí ń jò lábẹ́ ìlú náà.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ÌLÚ DELHI

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1955, lẹ́yìn ẹ̀kún omi, odò Yamuna yí ọ̀nà padà ní ìlú Delhi ní Íńdíà. Omi ìdọ̀tí ìlú sì ṣàn padà sí ibi tí a ti ń fa omi mímu. Àwọn òṣìṣẹ́ fi kún álọ́ọ̀mù àti kílórìn tí wọ́n ń dà sí omi, àwọn àrùn tí bakitéríà ń fà kò sì pọ̀ sí i. Àwọn ènìyàn rò pé ewu ti kọjá. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1956, nǹkan bí 29,000 ènìyàn ni ibà apọ́njú kọlù, ikú sì pọ̀ láàárín àwọn aboyún ju ti àwọn yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ti fi pamọ́ fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì oríṣi E ni ó ṣe iṣẹ́ ibi náà.

Àrùn yìí ti dé orílẹ̀-èdè wa pẹ̀lú. Ní ọdún 2017, ó bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé ti fún pọ̀ sójú kan.

Ọ̀sẹ̀ 2 sí ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn tí ènìyàn bá mu omi náà ni àrùn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fara hàn, nígbà tí gbogbo ilé ti gbàgbé omi. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yá. Ṣùgbọ́n nínú 100 aboyún tí ó bá mú ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn oyún, ó lè pa tó 20 sí 25.

OHUN TÍ ILÉ GBỌ́DỌ̀ ṢE

1. Ẹ se omi mímu títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú 1, ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí ó tutù nínú ohun èlò tí a dé, kí ẹ sì máa fi ife olọ́wọ́ bù ú.

2. Bí ohun ìdáná kò bá tó, omi tí aboyún àti ọmọdé yóò mu ni kí ẹ kọ́kọ́ sè. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò nílò omi rárá. Ọmú ìyá nìkan tó o.

3. Bí ẹ bá ń lo kílórìn, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi tòrò, kí ẹ sì sẹ́ ẹ, nítorí ìdọ̀tí a máa dín agbára oògùn náà kù. Ẹ lo ìwọ̀n tí a kọ sí ara rẹ̀, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó mu omi náà.

4. Kànga gbọ́dọ̀ jìnnà sí ṣáláńgá tàbí sókàwéè tó 30 mítà, èyí tí í ṣe nǹkan bí ìṣísẹ̀ 40, kí ó sì wà ní apá òkè ilẹ̀. Ẹ ka ti aládùúgbò mọ́ ọn, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ògiri.

5. Ẹ mọ ẹnu kànga sókè, ẹ fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ àyíká rẹ̀, ẹ dé e, kí ẹ sì ní garawa ìfami kan ṣoṣo tí kì í fara kan ilẹ̀.

6. Ẹ da ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ sínú ṣáláńgá, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ìgbẹ́ ọmọdé léwu bí ti àgbà.

7. Ẹ gbé ọmọ lọ gba àjẹsára. Láti ọdún 2022 ni àjẹsára rota ti wà lára èyí tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ ní Nàìjíríà, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 lẹ́yìn ìbí.

BÍ ÀÌSÀN BÁ TI WỌLÉ

Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má ṣe dá ọmú dúró. Ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àpò, tí a fi omi tí a ti sè pò, àti oògùn zinc fún ọjọ́ 10 sí 14 gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ti wí. Kápúsù tí a ń rà láàárín ọjà kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí kò lè mumi mọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ẹyinjú aboyún bá pọ́n bí ìyeyè, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí omi tíì, ẹ má ṣe fún un ní àgbo, ẹ má sì ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó wà nínú ewu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. Ìṣísẹ̀ mélòó ni ó wà láàárín kànga wa àti ṣáláńgá tí ó sún mọ́ ọn jù, ìbáà ṣe tiwa tàbí ti aládùúgbò?
2. Èéṣe tí omi tí a fi aṣọ sẹ́ fi lè pani lára síbẹ̀?
3. Ta ni yóò máa se omi mímu nínú ilé wa, nígbà wo sì ni?