Ọmọ Ọwọ́ ní Ìjókòó Ọlọ́lá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ní ayé àtijọ́, àwọn abiyamọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété àti ti àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ wa a máa pọn ọmọ lọ sí Gánà, wọn a wọ ọkọ̀ lọ́rì, wọn a sọ̀, wọn a tún wọ òmíràn, títí wọn yóò fi dé ibi tí ọjà wọn yóò ti tà; ọmọ tí ó wà lẹ́yìn wọn a sùn, a jí, a mu ọmú, a tún sùn, kò sì ní mọ iye ibodè tí ìyá òun là kọjá. Òfin tí ìjọba Gánà ṣe ní ọdún 1969 ni ó dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn padà sílé, ṣùgbọ́n ìtàn ìyẹn kì í ṣe ti òní. Ti òní ni pé àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń gba òfuurufú lọ sí Accra kan náà, tí bàálù ń lo nǹkan bí wákàtí kan láti Èkó Àkéte dé ibẹ̀, tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́nu nínú wọn sì ń béèrè bóyá ó yẹ kí òun tìtorí ọmọ ọwọ́ ra ìjókòó ọlọ́lá, èyí tí àwọn oníbàálù ń pè ní business class.

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti rà á rí, fún ara mi, fún ọmọbìnrin mi, àti fún ọmọ-ọmọ mi Àkànní, tí ó jẹ́ ọmọ oṣù méje nígbà tí a ń lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Accra. N kò kábàámọ̀ owó náà, ṣùgbọ́n ohun tí mo rò pé mo ń rà kọ́ ni mo rà. Mo rò pé òfuurufú ni mo ń sanwó fún, pé ọmọ yóò na ara, ìyá rẹ̀ yóò na ẹsẹ̀, èmi yóò sì máa wo àwọsánmà bí ọba tí ń wo ọjà. Nígbà tí a padà dé ni mo ṣírò rẹ̀, tí mo rí i pé orí ilẹ̀ ni gbogbo owó náà ti ṣiṣẹ́.

Ẹ wò ó bí ó ti rí. Wákàtí mẹ́ta ni a lò ní pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkejà kí a tó gbéra, wákàtí kan péré ni a lò lójú ọ̀run. Nínú wákàtí mẹ́ta náà, a kò tò lẹ́yìn ogunlọ́gọ̀ tí ó tò síbi ìwọn ẹrù. Ẹrù tí wọ́n gbà fún wa pọ̀ ju ti àwọn tí ó wà lẹ́yìn lọ, ẹni tí ó bá sì ti di ẹrù ọmọ ọwọ́ rí, pẹ̀lú ìlédìí, ògì, aṣọ òtútù àti aṣọ ooru, yóò mọ̀ pé ẹni tí ó kéré jù nínú ilé ni ẹrù rẹ̀ ń pọ̀ jù. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n mú wa wọ yàrá ìsinmi kan tí ó tutù, tí ó sì dákẹ́, níbi tí ọmọbìnrin mi ti rí kọ̀rọ̀ fún ọmọ lọ́mú láìsí ojú tí ń wò ó, tí ó pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, tí ó sì jẹun tirẹ̀ ní àjẹgbádùn. Ìlédìí tí kò bá ti di pípààrọ̀ kí a tó wọ bàálù, kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Láàrin ìgbà tí wọ́n bá pa iná bẹ́líìtì àti ìgbà tí wọn yóò tún tàn án ní ìrìn wákàtí kan, kò ju bí ìdajì wákàtí lọ.

Ní ti àga fúnra rẹ̀, aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ó fẹ̀ díẹ̀ ju ti àwọn ará ẹ̀yìn lọ, ó sì rọ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń fò lọ sí Amsterdam tàbí Paris, mọ̀ pé lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ oníbàálù ibẹ̀, àga kan náà ni ti olówó àti ti tálákà. Aṣọ ìkélé ni wọ́n fi pààlà, wọ́n sì fi àga àárín sílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò jókòó sí i. Bí ẹ bá bi mí, àga òfìfo àárín yẹn ṣàǹfààní fún abiyamọ ju àga fífẹ̀ tiwa lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni yóò kó gbogbo ohun èlò ọmọ lé ní kété tí bàálù bá ti gòkè tán. Oúnjẹ orí àwo tánganran wá, ó sì lọ, Àkànní ni ó jẹ́ kí ó lọ. Tíì gbígbóná ni mo tilẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gbé sún mọ́ wa rárá.

Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. N kò wo tèmi lókèèrè, ó sì gún mi. Ìlà iwájú pátápátá ni wọ́n fi wá sí, mo sì kà á sí iyì. N kò mọ̀ pé ẹni tí ó bá jókòó sí ìlà iwájú kò ní àga lọ́ọ̀ọ́kán tí yóò ki àpò sí abẹ́ rẹ̀, nítorí náà wọn yóò gba gbogbo àpò lọ́wọ́ rẹ̀ sókè nígbà tí bàálù bá ń gbéra àti nígbà tí ó bá ń balẹ̀, èyí tí í ṣe ìgbà méjì gan-an tí ọmọ ń fẹ́ nǹkan. Bí a ti ń gbéra ni ìyá Àkànní ti fún un lọ́mú, ó mu ún yó kẹ́rí-kẹ́rí. Nígbà tí ó ku bí ogún ìṣẹ́jú kí a balẹ̀, bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, etí dí ọmọ, ó figbe ta. Ìyá rẹ̀ na ọmú sí i, ó kọ̀ ọ́, ó ti yó; ìgò omi rẹ̀ tí kò jẹ́ kọ̀ wà nínú àpò, àpò wà lókè, iná bẹ́líìtì sì ti tàn. Mo fẹ́ dìde, òṣìṣẹ́ bàálù ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó." Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má tatí were, ọmọbìnrin mi tatí títí, kò sí ohun tí ó lè ṣe.

Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti yé ènìyàn. Afẹ́fẹ́ inú bàálù tí ó wà lókè dà bí ti orí òkè tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ ni ó ń nípọn sí i, tí ó sì ń ti awọ etí sínú. Àgbàlagbà a gbé itọ́ mì, a yán, etí rẹ̀ a là; ọmọ ọwọ́ kò mọ ìyẹn, àfi kí ó máa fa nǹkan lẹ́nu. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yó jù nígbà ìgbéra. Ẹ fi ebi díẹ̀ pamọ́ de ìgbà ìsọ̀kalẹ̀, kí ìgò rẹ̀ àti aṣọ kan sì wà lára yín, kì í ṣe nínú àpò. Ọmọ tí ọ̀fìnkìn bá dí ní imú ni etí ń dùn jù, kí dókítà ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Nígbà tí ó bá kan wíwọ bàálù, wọn yóò ní kí olówó àti abiyamọ kọ́kọ́ wọlé. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo yín sáré jẹ́ ìpè yẹn: kí ẹnì kan kó ẹrù wọlé, kí ẹni tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ sì dúró dé ìgbẹ̀yìn, kí ọmọ má baà lo ìdajì wákàtí nínú ooru kí ìlẹ̀kùn tó tì. Ọ̀já ni kí ẹ fi pọ̀n ọ́n ní pápákọ̀. Kẹ̀kẹ́ ọmọ tí wọ́n gbà lẹ́nu ọ̀nà bàálù, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí bàálù bá fẹ́ gbéra, ẹ tú ọ̀já, kí ọmọ wà lórí itan níwájú, nínú bẹ́líìtì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ti ìyá.

Ní ti ìwé, ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan pàápàá gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀, bí ó bá sì ti pé oṣù 9, Gánà yóò béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí ó gbọ́dọ̀ ti gbà ní ọjọ́ 10 ṣáájú. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 2 a máa san nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbà. Ìdámẹ́wàá owó ọlọ́lá ni ẹ ó sì san bí ọlọ́lá ni ẹ bá wọ̀. Ẹ tún rántí pé aago Gánà fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn tiwa: a kúrò ní Èkó ní aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́sàn-án náà ni a dé Accra, ṣùgbọ́n ikùn ọmọ kò mọ aago Gánà.

Alágbádá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí ó kọ́kọ́ ń pòṣé nígbà tí Àkànní ń ké. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ ní oríkì, òun náà bá mi gbè é, a sì jọ ki í títí tí ẹsẹ̀ bàálù fi kan ilẹ̀. Ẹ má tijú ẹkún ọmọ níwájú olówó, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ògì kan agbádá ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Nígbà tí a ń bọ̀, mo ra ìjókòó àwọn ará ẹ̀yìn, nítorí pé èmi àti ìyá rẹ̀ ni a jọ ń gbé e. Ẹni tí mo lè san owó ọlọ́lá fún láìbojúwẹ̀yìn ni abiyamọ tí ń dá rìn, tí kò ní ẹni tí yóò bá a di ọmọ mú kí ó tó lè fa ìwé ìrìnnà yọ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rà á, ṣùgbọ́n kí ó bi wọ́n kí ó tó sanwó bóyá yàrá ìsinmi wà níbi méjèèjì, kí ó sì ní kí wọ́n fi òun sí ìlà kejì.